Kí Ló Ń Dí Wọn Lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Adùn Ìwé Ìtàn Ìfẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìwé, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ pè mí, ẹ ṣeun, ẹ kú ètò.

Ìwé ìtàn ìfẹ́ ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ti ayé àtijọ́ àti ti òde òní. Mo ń sọ nípa ìwé tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan ti pàdé, tí ohun kan dí wọn lọ́wọ́, tí wọ́n bá ohun náà jà títí wọ́n fi borí rẹ̀, tí wọ́n sì di ti ara wọn kí ìwé tó parí. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń kà wọ́n. Mo ti di ìyá àgbà báyìí, mo ṣì ń kà wọ́n, mi ò sì ní fi wọ́n sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ń rí níbẹ̀ fún yín, mo sì fẹ́ bẹ̀ yín ní ọ̀wẹ̀ kan kí n tó jókòó.

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ kò ní gbàgbé Mills & Boon. Ìwé pẹlẹbẹ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tí ó ti gba ọwọ́ gbogbo ọmọ kíláàsì kọjá kó tó kàn ọ́. Inú ìwé Bàólọ́jì la máa ń kì í bọ̀ ní àsìkò ìkàwé alẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1908. Gerald Mills àti Charles Boon ni wọ́n dá a sílẹ̀, oríṣiríṣi ìwé ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń tẹ̀ kí wọ́n tó rí i pé ìtàn ìfẹ́ ni àwọn èèyàn ń wá kiri. Nígbà tó di 1977, ilé iṣẹ́ Macmillan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìwé Pacesetters jáde fún àwa ọmọ Áfíríkà, a sì wá rí ìtàn ìfẹ́ tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń jẹ́ irú orúkọ tí àwa náà ń jẹ́. Ó dùn mọ́ wa gan-an.

Ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi kan ìwé ìfẹ́ ni pé a ti mọ ibi tí yóò parí sí. Bẹ́ẹ̀ ni, a mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó ní kí ìyá àgbà tún àlọ́ Ìjàpá kan náà pa mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Kì í ṣe ìparí ló ń dúró dè. Ó ń dúró de ibi tí orin ti máa wọlé, ibi tí ohùn ìyá àgbà ti máa lọ sílẹ̀, ibi tí òun náà á ti gbe orin. Nígbà tí ìbẹ̀rù ìparí bá ti kúrò lọ́kàn òǹkàwé, ojú rẹ̀ á là sí ohun kéékèèké: ọwọ́ tí ẹnì kan sáré fà sẹ́yìn, lẹ́tà tí wọ́n kọ tán tí wọn ò fi ránṣẹ́, ọkùnrin tó dákẹ́ lójijì níbi àsè nígbà tí wọ́n dárúkọ obìnrin kan. Bí wọ́n ṣe máa dé ibẹ̀ gan-an ni ìwé náà.

Ní 1984, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Janice Radway, ṣe ìwé lórí àwọn obìnrin tó ń ka ìtàn ìfẹ́ ní ìlú kan ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó fi orúkọ ìlú náà bò, ó pè é ní Smithton. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò dá àwọn obìnrin náà lẹ́jọ́ láti òkèèrè, ó lọ bi wọ́n léèrè. Ìyàwó ilé àti abiyamọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n sọ fún un pé àkókò ìwé kíkà ni àkókò tó jẹ́ ti àwọn nìkan, tí ọmọ kò pè wọ́n, tí ọkọ kò béèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń ṣí ẹ̀yìn ìwé wò kí wọ́n tó kà á, kó má baà jẹ́ pé ẹkún ló fi parí. Àwọn kan lè rí èyí gẹ́gẹ́ bí ìwà ọ̀lẹ. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ tọ́jú ẹlòmíràn, tí kò mọ bí ọ̀la ṣe máa rí, ó tọ́ sí i kó ní ìwé kan lọ́wọ́ tó ṣèlérí fún un, tó sì mú ìlérí náà ṣẹ.

Ó dáa. Tí a bá ti mọ ìparí, kí ló kù tí òǹkọ̀wé máa fi mú wa? Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ ni. Ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò tí mo bá gbé ìwé ìfẹ́ tuntun, ibẹ̀ náà sì ni ìtàn ayé àtijọ́ àti ìtàn òde òní ti yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àtijọ́ ná. Láti 1811 títí di 1820, orí ọba George Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dàrú, kò lè ṣe ìjọba mọ́, ọmọ rẹ̀ sì ń ṣe adelé ọba. Ọdún mẹ́sàn-án péré. Síbẹ̀, àìmọye ìwé ìfẹ́ ni wọ́n ti gbé kalẹ̀ sínú ọdún mẹ́sàn-án yẹn. Georgette Heyer ló la ọ̀nà náà fún àwọn tó kù, láti 1935. Kí ló dé tí gbogbo èèyàn fi ń padà síbẹ̀? Àwọn kan á sọ pé aṣọ ni, ijó ni, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni. Aṣọ náà dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi rò pé òfin ló ń fà wọ́n. Òfin ìgbà yẹn le débi pé ìfẹ́ kò lè rìn ní ìṣísẹ̀ méjì kó má kọsẹ̀ lára rẹ̀.

Àkọ́bí ọkùnrin ló ń kó ilẹ̀ bàbá lọ. Obìnrin tó bá wọlé ọkọ, owó rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ di ti ọkọ. Ọdún 1882 ni òfin tó wá dá ohun ìní obìnrin padà fún un pátápátá tó dé. Òfin ìgbéyàwó ti 1753 sì ti sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 gbọ́dọ̀ ní àṣẹ bàbá tàbí alágbàtọ́, kí wọ́n sì kéde orúkọ tọkọtaya ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta, àfi tí wọ́n bá gba ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ Áńgílíkà mọ ìkéde yẹn dáadáa, wọ́n ṣì ń ṣe é fún àwọn ọmọ wa títí di òní. Òfin náà kò dé Scotland. Ìdí nìyẹn tí àwọn olólùfẹ́ fi ń sá lóru lọ sí Gretna Green, abúlé kan tó wà ní kété tí èèyàn bá kọjá ààlà. Níbẹ̀, kí ọkùnrin àti obìnrin jẹ́wọ́ níwájú ẹlẹ́rìí méjì ti tó. Ìtàn sọ pé alágbẹ̀dẹ ló máa ń so wọ́n pọ̀, nídìí owú rẹ̀. Àwa tí a mọ irin tí wọ́n fi ń búra nílé ẹjọ́ nílẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ náà yẹ kó yé wa.

Ẹ wá wo ohun tí òǹkọ̀wé rere lè fi èyí ṣe. Jane Austen tẹ Pride and Prejudice jáde ní 1813, láàárín ọdún adelé yẹn gan-an. Ayé tó wà níwájú rẹ̀ ló ń kọ. Ọmọbìnrin márùn-ún ni Ọ̀gbẹ́ni Bennet bí, kò ní ọkùnrin. Wọ́n ti so ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọkùnrin nínú ẹbí, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí bàbá bá kú ni ìbátan wọn kan, àlùfáà tó ń jẹ́ Collins, lè lé ìyá àti àwọn ọmọ jáde. Collins wá, ó ní òun fẹ́ fi Elizabeth ṣe aya. Elizabeth kọ̀. Ẹ dúró díẹ̀ síbẹ̀. Kì í ṣe ọkùnrin nìkan ni ọmọ yẹn kọ̀, ilé tó bo orí ìyá rẹ̀ ló kọ̀. Ìgboyà ńlá ni, kò sì pariwo rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Charlotte, ọ̀rẹ́ Elizabeth, fi gba ọkùnrin kan náà. Ọmọ ọdún 27 ni, kò lówó, kò lẹ́wà púpọ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ láti máa jẹ́ ẹrù lórí àwọn òbí rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ tó bá ka ìwé yìí ń bú Charlotte. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u. Mo mọ Charlotte. Ó wà nínú gbogbo ẹbí tí mo mọ̀, ó fẹ́ ọkùnrin tó wà, ó ṣètò ilé rẹ̀, ó yan yàrá tí òun á máa jókòó sí tí ọkọ rẹ̀ kì í sábà dé. Austen kò dá a lẹ́jọ́. Ìwé tó fi ayọ̀ parí ni, àmọ́ ó gbé obìnrin tí kò rí irú ayọ̀ yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ká lè máa rí i bí a ṣe ń kọjá. Òǹkọ̀wé náà mọ ohun tó ń sọ. Ní oṣù Kejìlá 1802, ọkùnrin olówó kan fi ìgbéyàwó lọ òun fúnra rẹ̀, ó gbà, ilẹ̀ sì mọ́ ó lọ dá ọ̀rọ̀ náà padà. Kò lọ́kọ títí ó fi kú.

Ní ti Darcy, ọkùnrin gíga tó ń gbéra ga, ó wá sọ pé òun nífẹ̀ẹ́ Elizabeth, ó sì ń ka àbùkù ẹbí rẹ̀ sí i létí lẹ́nu kan náà. Elizabeth lé e. Ní ọjọ́ kejì, Darcy fi lẹ́tà lé e lọ́wọ́. Mo máa ń ka ojú ewé lẹ́tà yẹn lọ́ra. Elizabeth kà á, ó bínú, ó tún un kà, apá kan nínú ìbínú náà lọ. Ó tún un kà, ojú tì í. Láti ibẹ̀ lọ, ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ ti kúrò nínú òfin àti ogún, ó ti wọ inú ọkàn àwọn méjèèjì. Nígbà tí Lydia, àbúrò Elizabeth, sá lọ pẹ̀lú ọmọ ogun aláìníláárí kan, lẹ́tà tó fi sílẹ̀ sọ pé Gretna Green ni àwọn ń lọ. Wọn ò dé ibẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n wà, kò sì sí ìgbéyàwó. Ẹni tó mọ òfin 1753 ni àyà rẹ̀ máa já dáadáa ní ibi tí mo ń sọ yìí.

Ìtàn òde òní ńkọ́? Òfin ti dẹ̀. Obìnrin ní iṣẹ́, ó ní àkáǹtì tirẹ̀, ó lè sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun kò fẹ́. Kí ló tún kù tó lè ya olólùfẹ́ méjì? Ìbẹ̀rù ni, àti ọgbẹ́ àtẹ̀yìnwá. Bolu Babalola, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, mọ èyí dáadáa. Nínú Love in Colour, tó jáde ní 2020, ó mú àwọn ìtàn ìwáṣẹ̀ ìfẹ́ láti oríṣiríṣi ilẹ̀, ó tún wọn sọ, Ọ̀ṣun sì wà lára wọn. Nínú Honey & Spice, ti 2022, ọmọ Yunifásítì ni Kiki Banjo, ó ń ṣe ètò lórí rédíò ọgbà, ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin kí wọ́n má ṣubú sọ́wọ́ ẹlẹ́tàn. Òun àti Malakai wá ṣe bí ẹni tó ń fẹ́ra, fún ìdí tiwọn. Ẹ ti mọ ibi tí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ń já sí. Kò sí bàbá tó dènà, kò sí òfin. Kiki ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn, torí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ìyẹn le láti kọ ju Gretna Green lọ. Wọ́n lè fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin sá fún bàbá. Kò sí ohun tí èèyàn lè fi sá fún ara rẹ̀. Tí òǹkọ̀wé kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ìwé náà á di èdè àìyedè kan tí ìpè fóònù kan ṣoṣo ìbá ti parí. Irú èyí pọ̀ lọ́jà, mo sì máa ń pa wọ́n dé láì kà wọ́n tán.

Mo fẹ́ fi kan kún un fún àwọn òǹkọ̀wé ilé. Àwa ní ìdènà òde òní kan tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ọmọkùnrin jẹ́ AS, ọmọbìnrin jẹ́ AS. Tí wọ́n bá fẹ́ra, ní gbogbo oyún, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS. Ọ̀pọ̀ ìjọ ni kì í so tọkọtaya pọ̀ láì rí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kò sí ọ̀dàlẹ̀ nínú ìtàn yìí, kò sí ìyá ọkọ tó burú. Àwọn èèyàn méjì tó nífẹ̀ẹ́ ara wọn jókòó sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú bébà kan lọ́wọ́. Ta ló máa bá wa kọ ọ́ bó ṣe yẹ, láì fi oògùn ìyanu parí rẹ̀, kó sì jẹ́ kí ayọ̀ wà níkẹyìn?

A kò ṣaláìní ìtàn ìfẹ́ lédè wa. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú ní 1974. Àjàní jẹ́ ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ ń dà á láàmú pé kó mú ìyàwó wálé, òun náà sì wà láàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997, gbogbo ìlú tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìró òun bùbá kúkúrú tí a mọ̀ sí olékú. Èdè ìwé yẹn ṣì ń dùn létí mi. Ẹnu àwọn ọmọ ilé ìwé gan-an ni.

Àwọn kan ní ìwé ìfẹ́ ń ba obìnrin jẹ́. Ní ibì kan, mo gbà fún wọn. Láàárín 1970 sí 1990, ọ̀pọ̀ ìtàn ìfẹ́ ayé àtijọ́ tó ń jáde ní Amẹ́ríkà ni ọkùnrin ti ń fi agbára mú obìnrin, tí wọ́n á sì ní kí òǹkàwé pè é ní ìfẹ́. Èmi kì í kà á. Ìfẹ́ kọ́ ni, ẹwà èdè kò sì lè fọ̀ ọ́ mọ́. Àwọn òǹkàwé fúnra wọn ló sọ̀rọ̀, tí àwọn òǹkọ̀wé gbọ́, tí nǹkan fi yí padà.

Ohun kejì tó ń dùn mí kò tíì yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ta ló sanwó ijó yẹn? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà adelé ló ń jẹ owó ṣúgà láti Jàmáíkà àti Barbados, ẹrú ló sì ń gé ìrèké náà. Nígbà tí wọ́n ṣòfin ní 1833 láti fòpin sí oko ẹrú, àwọn olówó ẹrú ni ìjọba yan ogún mílíọ̀nù pọ́n-ùn fún. Ẹrú kò rí kọ́bọ̀ gbà. Tí mo bá ń ka ìwé tí ọmọ ọba ń jó nínú gbọ̀ngàn, mo máa ń béèrè pé níbo ni àwa wà lọ́dún yẹn.

Mo sì mọ ibi tí a wà. Ọ̀yọ́ Ilé ti ń mì. Àfọ̀njá ti kẹ̀yìn sí Aláàfin ní Ìlọrin. Ọmọkùnrin kan wà ní Òṣogùn tó ń jẹ́ Àjàyí. Ní 1821, ọdún kan péré lẹ́yìn tí adelé di ọba, àwọn agbésùnmọ̀mí wọ ìlú náà, wọ́n kó Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ni Samuel Ajayi Crowther, tó di bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ọmọbìnrin kan wà lára àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kan náà, Asano lorúkọ rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ níwèé, wọ́n sọ ọ́ ní Susan, ó di olùkọ́. Crowther ló fẹ́ ẹ. Ọmọ wọn obìnrin, Abigail, ló bí Herbert Macaulay.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn ọmọ méjì wà nínú ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ẹrú, ilé wọn ti jóná, wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń gbé wọn lọ. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n dúró níwájú àlùfáà. Kí ni wọ́n bá ara wọn sọ láàárín méjì? Èdè wo ni wọ́n fi sọ ọ́? Ìgbà wo ni ọ̀kan nínú wọn tó lè dárúkọ ọkọ̀ yẹn fún èkejì? Ìwé ìtàn fún wa ní déètì. Ìwé ìfẹ́ ló lè fún wa ní ohun tó kù.

Kí ẹ má rò pé ohun tí kò ṣeé ṣe ni mo ń béèrè. Àwọn ará wa tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ti ṣe é. Vivian Stephens, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣe olóòtú ìwé, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́ sílẹ̀ ní 1980, ó sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn òǹkọ̀wé tí wọn kì í tẹ ìwé wọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di 1994, Beverly Jenkins tẹ Night Song. Ìlú aláwọ̀ dúdú kan ní Kansas ló gbé e kalẹ̀ sí, lẹ́yìn tí àwọn ẹrú ti gba òmìnira. Olùkọ́ ni obìnrin, ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ni ọkùnrin. Jenkins máa ń ṣe ìwádìí jinlẹ̀, ó sì máa ń kọ àwọn ìwé tó yẹ̀ wò sẹ́yìn ìtàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló ti ipa bẹ́ẹ̀ kọ́ ìtàn ìran wọn tí ilé ìwé kò kọ́ wọn.

Nílé wa ńkọ́? Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá, tí I. B. Thomas kọ sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kà sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń sọ ọ́ wà lórí àìsàn, nínú ìṣẹ́, ó ń ké àbámọ̀, ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin kí wọ́n má ṣe bí òun. Láti ìgbà náà ni ìwé wa ti ń fi ìfẹ́ kìlọ̀. Ìkìlọ̀ dára, a tọ́ ọmọ pẹ̀lú rẹ̀. Ebi ń pa mí fún èyí tó ń fi ìfẹ́ san ẹ̀san fún ẹni tó jìyà dé ibẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀wẹ̀ tí mo wá bẹ̀ nìyí: ẹ kọ ìtàn ìfẹ́ ayé àtijọ́ fún wa, lédè Yorùbá. Ìdènà tó wà nílẹ̀ wa ní ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn kò ní òǹkà. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1877, àgọ́ kò sì tú títí di 1893. Ìbàdàn pàgọ́ sí Ìgbájọ, Èkìtì Parapọ̀ pàgọ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti tó ọkọ fẹ́, ó ti tó aya mú, kó tó parí. Báwo ni alárinà ṣe máa kọjá láàárín àgọ́ méjì? Ta ló máa lọ tọrọ ìjọ́hẹn? Ìdána wo ni wọ́n máa gbé, nígbà tí oko ti di igbó?

Tàbí kí ẹ wá sí Èkó. Ní 1884, ìjọba ṣe òfin ìgbéyàwó níbẹ̀. Ẹni tó bá fi òfin náà gbéyàwó kò gbọ́dọ̀ fẹ́ kún ìyàwó rẹ̀, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ni wọ́n sì máa jogún rẹ̀ bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tó kàwé fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn ọkùnrin tó kàwé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ orúkọ òyìnbó sọ nù, wọ́n ń wọ agbádá, wọ́n ń sọ pé ìgbéyàwó òyìnbó kì í ṣe tiwa. David Vincent di Mojọlá Àgbẹ̀bí ní 1894. Ẹ fojú inú wo ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di onígbèjà àṣà, tó wá fẹ́ ọmọbìnrin tó ti fi Bíbélì búra pé òun kò ní wọlé ọkọ láìsí ìwé òfin. Àwọn méjèèjì ní àwíjàre. Àwọn méjèèjì ń bẹ̀rù nǹkan tó yẹ ní bíbẹ̀rù.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni ti Àìná. Ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ni wọ́n ti bí i, ní Òkè-Ọ̀dàn. Ogun Dàhọ̀mì kó ìlú náà ní 1848, àwọn òbí rẹ̀ kú. Ní 1850, ọba Dàhọ̀mì fi ọmọ náà ta ọ̀gákọ̀ òyìnbó kan lọ́rẹ, Frederick Forbes, òun sì mú un dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Victoria. Wọ́n sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta. Ọbabìnrin ló ń náwó lé e lórí. Nígbà tó dàgbà, James Pinson Lábúlọ̀ Davies, oníṣòwò olówó, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sierra Leone, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ní òun fẹ́ ẹ. Sarah kò fẹ́. Ó kọ lẹ́tà ní 1861 pé àwọn èèyàn á máa sọ pé èèyàn dáadáa ni ọkùnrin náà, pé tó bá yá òun á kọ́ láti fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò gbà pé ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ láé. Ta ló fẹ́ gbọ́? Ní oṣù Kẹjọ 1862, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton.

Wọ́n padà sí Áfíríkà, wọ́n bímọ, wọ́n fi orúkọ ọbabìnrin sọ àkọ́bí wọn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ bá a jà, ó kú ní erékùṣù Madeira ní 1880. Davies gbé òkúta ìrántí gíga kalẹ̀ fún un ní Ìjọn, níbi tí oko kòkó rẹ̀ wà. Láti lẹ́tà 1861 dé òkúta yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ọdún. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn méjì yìí, nínú ilé, lálẹ́, tí àlejò ti lọ tán? Ǹjẹ́ obìnrin náà yí ọkàn padà, tàbí ọkùnrin náà nìkan ló nífẹ̀ẹ́? Mo ti ń ro èyí fún ìgbà pípẹ́. Mi ò fẹ́ kí òyìnbó ló máa kọ ọ́ fún mi.

Ohun èlò wà nílẹ̀. Ilé ìkówèépamọ́ ìjọba àpapọ̀ wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend ń tẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti 1859 títí di 1867 wà fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá nígbà náà. Ẹ lọ bá àwọn ìyá tó ṣì mọ ẹkún ìyàwó sun ní agbègbè Ọ̀yọ́, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Inú ẹkún yẹn ni ẹ ti máa gbọ́ bí ọmọbìnrin ṣe ń sọ̀rọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ń lọ sílé ọkọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kó mú orí àkọ́kọ́ wá fún mi. Màá kà á, màá sì sọ òtítọ́ fún un.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sílẹ̀. Ó kan ìbéèrè yín.